Lẹ́tà sí Wálé ní Newcastle

Wálé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Mo rí fọ́tò tí o yà níwájú St James' Park. Ìwọ tí o máa ń pariwo pé VAR, fídíò tí rẹfirí fi ń yẹ ìdájọ́ wò, àti ọfúsáìdì ti ba bọ́ọ̀lù jẹ́, ṣé o mọ̀ pé pápá yẹn gan-an ni Bill McCracken ti fi ọfúsáìdì da England láàmú?

Ọmọ Belfast ni, ọwọ́ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló ń gbá. Ó dé Newcastle ní 1904, kò kúrò níbẹ̀ títí di 1923. Líìgì mẹ́ta ni wọ́n gbà lójú rẹ̀, pẹ̀lú ife FA ti 1910.

Òfin ọfúsáìdì ìgbà yẹn ni pé tí wọ́n bá ta bọ́ọ̀lù sí ọ níwájú, ẹni mẹ́ta lára ẹgbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ ṣì wà láàárín ìwọ àti ojú ilé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọfúsáìdì ni. Aṣọ́lé jẹ́ ọ̀kan, ọwọ́ ẹ̀yìn méjì ló kù. McCracken á ṣe bí ẹni tí kò bìkítà, á wá sún síwájú díẹ̀ kí wọ́n tó ta bọ́ọ̀lù, fèrè á dún. Tó bá ṣì í ṣe, Frank Hudspeth, ọwọ́ ẹ̀yìn kejì, ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù? Èrò ìwòran kórìíra rẹ̀ bí ìgbẹ́. Wọ́n máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ̀ ojú irin gbé ẹgbẹ́ kan dé Newcastle, fèrè dún ní ibùdókọ̀, agbábọ́ọ̀lù kan bá ní, "Ha! Ọfúsáìdì ti bẹ̀rẹ̀!"

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kọ́ ọgbọ́n náà, góòlù wá di ọ̀wọ́n. Ní 1925, wọ́n sọ mẹ́ta di méjì. Góòlù 1,192 ló wọlé ní ìpele kìíní ní sáà tó ṣáájú. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, 1,703! McCracken ti fi Newcastle sílẹ̀ nígbà náà.

Àmọ́ ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó. Ó ní iye tí England ń san fún àwọn tirẹ̀ ni kí Ireland san fún òun. Wọ́n yọ ọ́ dànù, ó sì lé ní ẹni ọdún 35 kí wọ́n tó tún pè é, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn Super Eagles wa tí wọ́n jà nítorí owó ní Brazil ní 2014 ì bá mọ èdè rẹ̀.

Ó di kóòṣì Hull City. Ní 1930, wọ́n lé Newcastle kúrò nínú ife FA! Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ bóyá wọ́n ti dárí jì í, kí o sì kọ̀wé sí mi. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Rótìmí