Lẹ́tà sí àbúrò mi tó gba 248 nínú Jáàmù

Àbúrò mi àtàtà,

Voice note tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ń sunkún, o ní kí n sọ òótọ́ fún ẹ, ṣé 248 máa gbé ẹ wọ Medicine ní UI, Yunifásítì Ìbàdàn, àbí kò ní gbé ẹ wọ̀ ọ́. Dádì ti ní ṣebí 200 ni UI ń bèèrè, pé o ti fi 48 lé e, kí ló tún wá kù. Màámi ní kó o ṣáà máa gbàdúrà. Mo máa sọ òótọ́ fún ẹ o, torí nígbà tèmi, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi.

200 yẹn, ẹnu géètì lásán ni, ó kàn jẹ́ kí wọ́n gbà ẹ́ láyè láti ṣe post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra ẹ̀ ń ṣe, ni. Aggregate ni wọ́n ń wò. Wọ́n á pín Jáàmù ẹ sọ́nà mẹ́jọ, wọ́n á pín post-UTME sọ́nà méjì, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. 248 tìẹ di 31. Tó o bá gba 70 nínú post-UTME, tí 70 kì í sì í ṣe máàkì kékeré níbẹ̀ yẹn, 35 nìyẹn, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ 66. Medicine ní UI sì máa ń kọjá 70. Ká ní 72 ni wọ́n bá dúró sí, 82 lo gbọ́dọ̀ gbà nínú post-UTME. Mi ò sọ pé o ò lè gbà á o, mo kàn fẹ́ kó o mọ iye tó ò ń lé.

Lóòótọ́ ọmọ Ọ̀ṣun ni wá, a wà nínú catchment, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó sún mọ́ yunifásítì. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀, nínú 100 tí wọ́n bá fẹ́ mú, 45 ni fún àwọn tí máàkì wọn ga jù láìwo ìlú ẹnikẹ́ni, 35 fún catchment, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìwé kíkà ò tíì fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀. Àmọ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ògùn, ọmọ Èkìtì, gbogbo wa la jọ ń du 35 yẹn.

UNILAG tó o tún dárúkọ, wọ́n ń ka WAEC mọ́ ọn, 20 nínú 100. A1 kan máàkì 4, C5 máàkì 2.4. Tí English ẹ bá lọ jẹ́ C5, 1.6 ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń lé ẹlòmíì jáde ò tó ìdajì máàkì.

Èmi, 239 ni mo gbà, Medicine náà ni mo kọ, mo jókòó tì í. Nígbà tí orúkọ mi ò jáde mo sáré lọ sí ilé-ìwé kejì, wọ́n ní àwọn ò mú ẹni tí ò fi àwọn ṣe first choice. Ọdún kan gbáko ni mo fi wọn gàrí ní ṣọ́ọ̀bù Màámi, tí àwọn kọ́sítọ́mà ń bi mí pé ṣé wọn ò tíì mú ẹ ni. Ó dùn mí dé egungun. Mi ò fẹ́ kó o jókòó síbẹ̀ yẹn láéláé.

Mo mọ̀ pé dọ́kítà lo fẹ́ ṣe, mo rí bó o ṣe ń bá Màmá Àgbà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ láràárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán ẹ. Jọ̀ọ́, wo UNIOSUN. Ti ìpínlẹ̀ wa ni, wọ́n ń ṣe Medicine ní Òṣogbo, owó ẹ̀ ló ga ju ti UI lọ, ìyẹn la sì máa bá Dádì sọ. Tó bá jẹ́ UI náà lo ṣì fẹ́, yí kọ́ọ̀sì sí Physiology, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, nígbà tí Jáàmù ṣì ń gba àyípadà, 31 ẹ lè dúró dáadáa níbẹ̀. Tí WAEC bá sì ti jáde, ọjọ́ náà gan-an ni kó o lọ upload ẹ̀ sí Jáàmù, torí tí kò bá sí níbẹ̀, wọn ò ní rí ẹ mú.

Pè mí ní Sátidé lẹ́yìn tí Dádì bá jẹun tán, kó o gbé fóònù sí sípíkà. Èmi ni mo máa ṣàlàyé 31 yẹn fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n ẹ