Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n fún ní Forestry, ẹ gbọ́ tẹnu oní gẹdú

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Iléṣà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, mo ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ gẹdú ni mo ṣe jẹun láti 1974 títí tí orúnkún ò fi jẹ́ kí n lè wọgbó mọ́, òun ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi rán ọmọ níléèwé. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló jẹ́ kí n jókòó ti fóònù. Iṣẹ́ dókítà ló kọ sí JAMB, Forestry ni wọ́n fún un, ó sunkún fún ọjọ́ méjì, ìyá ẹ̀ náà ń sunkún, ará ilé kan wá tún dá sí i pé ṣé wọ́n tún ń lọ yunifásítì lọ kọ́ igi gígé ni. Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó bi èmi tí mo fi bí ogójì ọdún gé e.

Mo pè é sí yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ní ìyá mi, jókòó. Ohun tí mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín jọ tiẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, ní Abẹ́òkúta, tí ẹ ń wo kọ́ọ̀sì yìí bí oúnjẹ àjẹkù, tí ẹ ń wá bí ẹ ṣe máa fò lọ síbòmíì tí ẹ bá dé 200 level.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwa ṣe. Tí a bá fẹ́ wọ igbó Ifẹ̀wàrà, tàbí ti Shasha, tàbí ìhà Ìpetu, ẹni tó ń bá wa wá igi á ti rìn ín sílẹ̀ dè wá, á mú wa lọ sídìí ìrókò, ọ̀gànwó, arère, apá, èyí tó bá tọ́ gbọnrangandan tó sì sanra la máa gé, èyí tó bá wọ́ tàbí tí inú ẹ̀ ti ṣófo, a ó fi í sílẹ̀, a ó kọjá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan a ó tún padà wá, ohun kan náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé àwọn tó tọ́ yẹn ni ìyá igi, pé ara wọn ni irúgbìn tó dáa ti ń jáde. Ẹ wò ó, tí èèyàn bá ń pa akọ màlúù tó dáa jù nínú agbo lọ́dọọdún, tó ń fi èyí tó rù tó yarọ sílẹ̀ kó máa gun abo, irú ọmọ wo lẹ rò pé agbo yẹn á máa bí lẹ́yìn ogún ọdún? Ohun tí a fi ṣe igbó nìyẹn. Ní 2011 mo padà dé ibì kan tí a ti gé ìrókò mẹ́sàn-án ní 1982, mo ní kí n wo bí àwọn ọmọ wọn ṣe dàgbà tó. Mi ò rí ẹyọ kan. Oko kòkó, ìtàkùn, àti kùkùté kan tí kò tíì jẹrà tán. Mo jókòó lé e, ọmọ tó gbé mi lọ lórí ọ̀kadà ń pè mí, mi ò lè dá a lóhùn.

Lẹ́kíṣọ̀ kan tó máa ń wá ra pákó lọ́wọ́ mi ló wá là mí lójú. Ó ní ìrókò ní akọ, ó ní abo, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, akọ á yọ òdòdó, abo nìkan ló ń so. Tí ẹ bá gé gbogbo abo tó wà ní àgbègbè kan, akọ tó kù á dúró bẹ́ẹ̀ títí, kò ní rí nǹkan kan ṣe, tó bá sì jẹ́ akọ lẹ gé tán, bákan náà ló rí. Mo ti ń gé ìrókò fún ọgbọ̀n ọdún ó lé kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí! Ó tún ní àdán ló ń jẹ èso ẹ̀ lóru tó sì ń gbé irúgbìn lọ yà sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọgbà OAU ní Ifẹ̀, ẹ mọ àwọn àdán tó máa ń bo ojú ọ̀run nírọ̀lẹ́, tí àwọn kan ń yìn níbọn fún ẹran. Irú àdán yẹn gan-an ni. Àgbẹ̀ tó ń gbin ìrókò láì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni la ń pa jẹ.

Ẹ lè ní kí ìjọba kàn gbìn ín. Wọ́n ti gbìn ín rí. Ìrókò tí wọ́n bá gbìn pọ̀ sójú kan, kòkòrò kékeré kan tí orúkọ ẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Phytolyma á wá yé ẹyin sí ewé tuntun ẹ̀, ewé á wú, á di kókó, kókó á bẹ́, orí igi á jẹrà, ọmọ igi á máa gbìyànjú títí á fi kú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń bá kòkòrò yìí jà, títí dòní kò tíì rọrùn kéèyàn rí oko ìrókò bí a ṣe ń rí oko tíìkì àti gmelina. Èyí ni mo ní kí ọmọ mi gbé yẹ̀ wò. Mo ní ìyá mi, o fẹ́ ṣe dókítà, ìrókò ń ṣàìsàn, ta ló fẹ́ wò ó sàn?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan fi yín ṣẹ̀sín pé ìwé igi ò lórí. Olókemejì, láàárín Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, ti di igbó risáfù, igbó tí ìjọba dá sí, láti 1899. Iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ní Ìbàdàn, 1939 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di 1963 yunifásítì Ìbàdàn ti dá ẹ̀ka Forestry sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ló là wọ́n lójú, igi ò tó wọn lò mọ́, igbó tó kù lórí ilẹ̀ wọn ò ju bíi 5 nínú 100 lọ, ni wọ́n bá dá Forestry Commission sílẹ̀ ní 1919, wọ́n ń gbìn, wọ́n ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ igbó, ó ti tó bíi 13 nínú 100 lónìí. Ó gbà wọ́n tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní Bangor, ní Wales, láti 1904 ni yunifásítì wọn ti ń kọ́ni ní kọ́ọ̀sì tí ẹ ń sunkún lé lórí yìí. Àwa ṣì ní igi tó kù, kí la ń dúró dè?

Ìwé náà le o, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọdún márùn-ún ni. Chemistry wà níbẹ̀, maths wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ilẹ̀, ẹ̀kọ́ kòkòrò, ọrọ̀ ajé igi, òfin igbó, ẹran ìgbẹ́, ọmọ tó bá rò pé òun á fi eré kọjá á rí i. Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí ọmọ mi ń sọ fún mi ni wíwọn igi. Ní 1.3 mítà sókè láti ilẹ̀, bíi ibi àyà èèyàn, ni wọ́n ń so téèpù mọ́, tó bá jẹ́ igi tí gbòǹgbò ẹ̀ gbéra sókè bí ògiri bíi ti àràbà, wọ́n á gòkè kọjá ibẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, torí tí wọ́n bá wọn gbòǹgbò mọ́ ọn, irọ́ ni ìṣirò tó máa jáde. Wọ́n á wá wọ̀n ọ́n lọ́dún yìí, wọ́n á wọ̀n ọ́n lọ́dún márùn-ún sí i, wọ́n á mọ iye tí igbó fi ń dàgbà lọ́dún, iye yẹn nìkan ló yẹ kéèyàn gé. Bí ẹni tó lówó ní báńkì tó ń ná èlé tí kò fọwọ́ kan ojú owó. Àwa ojú owó la ná. Àwọn tó yẹ kó dá wa dúró, tí wọ́n ní hámà tí wọ́n fi ń lu àmì sára gẹdú, àwọn kan nínú wọn gbowó lọ́wọ́ wa wọ́n sì lu àmì sára igi tí kò tíì tó gé. Èmi náà san owó yẹn. Ó ń dùn mí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ máa di ọ̀gá lọ́la, ẹni tí wọ́n bá fún ní hámà yẹn, kó jọ̀ọ́ kó rántí pé bàbá kan ní Iléṣà bẹ òun.

Nǹkan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí jù nìyí, òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà: ẹ kọ́ orúkọ igi ní Yorùbá lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lọ. Ọmọ mi dé láti 100 level, ó ń ka orúkọ Látìn bí ẹni ń ka orin, *Milicia excelsa*, *Triplochiton scleroxylon*, mo mú un jáde, mo nawọ́ sí arère tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò mọ̀ pé òun ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ sì wá gbọ́ ohun ìyanu o, àwọn oníṣòwò igi kárí ayé, tí wọ́n bá fẹ́ ra ìrókò ní Lọ́ńdọ̀nù, ìrókò náà ni wọ́n ń pè é, afàrà náà afara ni, opepe náà bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ ọ́ ni ayé ń fi ṣòwò, ọmọ wa ni ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń bá wa wá igi nígbà yẹn, ẹni mẹ́rin ni mo bá ṣiṣẹ́ jù, mẹ́ta ti kú. Ọ̀kan nínú wọn lè fi òórùn èèpo nìkan mọ igi, a ó dì í lójú, a ó ha èèpo sí i nímú, á sọ orúkọ, á sọ àìsàn tó ń wò, á sọ bóyá pákó ẹ̀ ń gbà ìṣó tàbí ó ń là. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Nítorí náà ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀, ẹ lọ bá ọdẹ, ẹ lọ bá àwọn ìyá ẹlẹ́gbòogi lọ́jà, ẹ bá gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ ìlù bi í pé kí ló dé tó jẹ́ igi ọmọ̀ ló yàn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má bá wọn dúró sọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá, ẹ bá wọn jókòó.

Ẹ̀ ń bi mí pé iṣẹ́ dà? Ìbéèrè tó dáa ni. Iṣẹ́ ìjọba ò pọ̀, ẹ má gbọ́kàn lé e nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo kòkó Ifẹ̀ àti ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí. Ní 2023 EU, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ṣòfin pé kòkó tó bá ti oko tí wọ́n pa igbó dá lẹ́yìn 31 December 2020 ò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn, ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ fi hàn lórí máàpù ibi tí oko náà wà gan-an. Wọ́n ti sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ ó ń bọ̀. Ta ló máa ya máàpù oko bàbá àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé? AFRIGIST wà nínú ọgbà OAU, 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwa àgbà ṣì ń pè é ní RECTAS, iṣẹ́ yíya máàpù àti wíwo ilẹ̀ látojú sátẹ́láìtì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, ẹ wá ọ̀nà débẹ̀.

Pákó náà wà. Pákó tútù là ń tà, mo mọ̀, èmi náà tà á, káfíńtà á fi ṣe ilẹ̀kùn, oṣù mẹ́ta ó ti tẹ̀, kò pa dé mọ́. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ omi inú igi dáadáa kó tó dọ́wọ́ káfíńtà, mo fi dá yín lójú, òun ni gbogbo oní fọ́níṣọ̀ Iléṣà á máa wá. Irúgbìn títà náà wà, oyin wà. Gmelina tí ẹ bá gé á tún rú láti ìdí, tíìkì ń gba sùúrù, ogún ọdún ó lé, àwa Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló, àwọn bàbá wa lóṣòó síwájú ilé ẹni tó jẹ wọ́n lówó títí wọ́n fi gbà á, sùúrù wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Igbó ti léwu báyìí ju ti ìgbà tiwa lọ, ẹ mọ ìdí ẹ̀. Ẹ má dá wọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ará abúlé mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọbìnrin pàápàá, ẹ jẹ́ kí ilé mọ ibi tí ẹ lọ lójoojúmọ́. Tí ẹ bá sì dé ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní apá Ìtagúnmọdi, tí ẹ rí bí wọ́n ṣe hú ilẹ̀ jáde tí odò sì pọ́n, ẹ má bá wọn jà, ẹ lọ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kó wúlò lọ́jọ́ iwájú.

Ọmọ mi ti dé 200 level báyìí, kò yí kọ́ọ̀sì padà. Lánàá ó fi fọ́tò ewé kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní Bàbá, igi wo rèé? Mo ní ewé nìkan ò tó, igi bíi mẹ́rin ni ewé wọn jọra, kó fi ọ̀bẹ ha èèpo ẹ̀ díẹ̀, kó wò ó bóyá oje funfun jáde, kó gbóòórùn ẹ̀, kó sì wo ilẹ̀ bóyá èso já sílẹ̀. Ó ní òjò ń rọ̀ níbẹ̀, pé ó di àárọ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí, fóònù mi wà lọ́wọ́ mi, mo ń retí ẹ̀.

Èmi bàbá yín,
Iléṣà.