Àjẹkù Ọbẹ̀ Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ekòló

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, torí ọ̀rọ̀ àwa tí à ń sin ekòló lẹ́yìnkùlé ní Abuja níbí ń ká mi lára.

Inú mi dùn pé àwọn èèyàn ti ń sìn ín. Fatiláísà ti di ọ̀wọ́n gógó, ilẹ̀ pupa olókùúta la sì ní ní Kubwa. Bí òjò bá ti dá, á le koko. Ìgbẹ́ ekòló ni mo fi ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí à ń jẹ nílé mi. Àmọ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń bọ́ wọn kò dára. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀dọ́bìnrin kan ládùúgbò wa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá bá mi. Bó ṣe ṣí i, òórùn kíkan gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ìrẹsì ọlọ́bẹ̀, egungun ẹja àti ẹ̀bà àná ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ekòló tó kù ń gun ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wá ọ̀nà àtisá. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti kú, wọ́n ti ń yọ́. Ọmọ náà kò sì ní ìkà nínú o. Kò fẹ́ kí ebi pa wọ́n ni.

Ekòló ò léyín. Ohun tó ti ń jẹrà ló ń jẹ, tòun ti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú un jẹrà. Ó ní iwe bíi ti adìyẹ, níbi tí iyanrìn ti ń bá a lọ oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gún èèpo ẹyin kúnná sí i. Awọ ara ló fi ń mí, awọ náà sì gbọ́dọ̀ máa rin. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ á fa omi ara rẹ̀ jáde, epo á dí i léèémí, ata á ta á. Ẹran àti ẹja á pe eṣinṣin àti eku wá.

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́ tó ti rọ, ewé tíì tí a ti lò: ìwọ̀nyí ni kí ẹ fún wọn. Mo máa ń gé e wẹ́wẹ́, màá rì í sí igun kan, màá wá fi páálí tí mo ti ya tí mo sì ti rẹ sómi bò ó. Páálí yìí ṣe pàtàkì bí èèpo, torí òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Bí ti igun yẹn ò bá tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mi ò ní fi òmíràn sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà gan-an nìyí. Oúnjẹ tó bá pọ̀ jù á máa gbóná bó ṣe ń jẹrà, ooru yẹn á sì pa wọ́n. Ọsàn àti àlùbọ́sà, díẹ̀díẹ̀ ni. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù, ẹ má dán an wò. Ìgbẹ́ màlúù dára tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ tó sì ti tutù, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi darandaran bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún màlúù rẹ̀ lóògùn aràn, torí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ṣe ekòló léṣe.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi owó ekòló òyìnbó gbẹ́ yín lápò. Èyí tí wọ́n ń pè ní Eisenia fetida fẹ́ ibi tó tutù. Eudrilus eugeniae, tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, fara da ooru jù ú lọ, wọ́n sì ń sìn ín káàkiri ayé.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ lẹ́tà yìí kí ọyẹ́ tó dé, torí ìgbà náà ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ekòló máa ń tètè gbẹ lápá Òkè Ọya. Abẹ́ igi máńgòrò ni kí ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí, kí ẹ fi àpò ìrẹsì tó rin bò ó. Kí ẹ máa tọwọ́ bọ inú rẹ̀ láràárọ̀: kó rin bíi kànìnkànìn tí a ti fún omi rẹ̀ kúrò. Bó bá ti gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó ronú oúnjẹ rárá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Bọ́lá,
Kubwa, Abuja.