Lẹ́tà sí àbúrò mi: oògùn gìrì tí wọ́n fẹ́ fún Tómi

Ìyá Tómi mi,

Mo gbọ́ vóísì tó o fi ránṣẹ́. O ní ọmọ tí gìrì ò mú rí láyé ẹ̀, kí ló fẹ́ fi Keppra, oògùn gìrì yẹn, ṣe, àbí nǹkan kan wà tí àwọn dókítà Houston yẹn ò sọ fún ẹ.

Àbúrò mi, busulfan ló fà á, ìyẹn oògùn tí wọ́n máa fún un ṣáájú transplant, pípààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun ẹ̀ nítorí sickle cell. Kí sẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀gbọ́n Tómi fún un tó ráyè nínú mùdùnmúdùn eegun ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa èyí tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ sickle cell run, iṣẹ́ busulfan nìyẹn, àmọ́ ó máa ń wọnú ọpọlọ náà, ibẹ̀ ló ti lè fa gìrì fún ọmọ tí ò ní in rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ Keppra ní bíi wákàtí 12 ṣáájú busulfan àkọ́kọ́, wọn ò sì ní dá a dúró àfi tó bá tó wákàtí 24, ó kéré tán, lẹ́yìn èyí tó gbẹ̀yìn. Kò sọ Tómi di oníwárápá o, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀.

Phenytoin, oògùn gìrì míì, ni wọ́n sábà máa ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè lé busulfan jáde, Keppra kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Busulfan ọ̀hún, tó bá kéré jù lára, transplant lè má dúró, tó bá sì pọ̀ jù ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, torí ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò léraléra.

Nítorí náà mo bẹ̀ ẹ́, má dá fún un ní nǹkan kan o. Panadol gan-an lè má jẹ́ kí busulfan tètè kúrò lára, ká má tiẹ̀ sọ àgbo gìrì tí Màmá fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, èmi fúnra mi á bá wọn sọ̀rọ̀. Tó bá bi Keppra, pe nọ́ọ̀sì. Tó bá ń kanra ṣáá, sọ fún wọn, oògùn yẹn máa ń ṣe àwọn ọmọ kan bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn transplant, tacrolimus tàbí cyclosporine, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ara àti sẹ́ẹ̀lì tuntun bára wọn jà, lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru dé, ó sì lè fa gìrì nígbà tí Keppra ti parí. Tó bá ní orí ń fọ́ òun, tàbí òun ò ríran dáadáa, má dúró di ilẹ̀ mọ́. Tí gìrì bá mú un, fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, tẹ bẹ́ẹ̀lì, má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Kọ orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò báyìí, títí kan fítámì, kó o fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó rí dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ẹ̀gbọ́n ẹ