Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Kílíà, Tínà àti Hádínà Ayédèrú

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Mushin,
Láti ọ̀dọ̀ àwa tí a ń kun mọ́tò ní agbègbè Ládìpọ̀.

Alàgbà, a kí yín, a sì kí gbogbo àwọn kánsẹ́lọ̀ yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a ń dá ṣọ́ọ̀bù sí ló gbé wa wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa fín Camry kan fún awakọ̀ takisí. Ó ha bọ́dì rẹ̀ dáadáa, ó fín àwọ̀, ó fín kílíà, ọ̀dà tí kò láwọ̀ tó ń mú kí mọ́tò dán, lé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àtàǹpàkò tó fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọn, ojú ìka sì hàn síbẹ̀ kedere. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kílíà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo ẹ̀pà. Ta ni awakọ̀ yóò bá wí bí kì í ṣe ẹni tó fín in? Àpò ara rẹ̀ ni ọ̀gá náà fi ra ọ̀dà míì, ó tún un fín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí lè rò pé a kò mọṣẹ́ ni. Kílíà tí à ń lò yìí, afẹ́fẹ́ nìkan kò lè mú un gbẹ. Hádínà ló ń mú un le. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwọ̀n kílíà méjì ló ń gba hádínà kan. Bí ẹni tó tà á bá ti fi tínà, omi tí a fi ń la ọ̀dà, là á, asán ni gbogbo wíwọ̀n wa. Hádínà tí wọ́n sì ti ṣí tẹ́lẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, Èkó ọlọ́sà yìí náà sì rèé! Tínà tí wọ́n fi bẹntiróòlù lú kì í jẹ́ kí ọ̀dà dán. Bí òjò bá ṣú, tínà tí kò dáa á sọ ojú ọ̀dà di funfun bí omi ògì.

A mọ̀ pé ọ̀wọ́ngógó wà nídìí ìwà yìí. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú ọ̀dà mọ́tò ti ń wá. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kò tó 500 náírà ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Oníbàárà kò sì fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ohun kan wà tí ojú ń tì wá láti sọ. Agolo òfìfo tí wọ́n ń rọ ayédèrú sí, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù wa ló ti ń jáde. Àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù ń wá, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa sì ń tà á fún wọn. A ti fẹnu kò nípàdé pé agolo kankan kò ní kúrò lọ́wọ́ wa mọ́ láìjẹ́ pé a ti fi ìṣó lu ìdí rẹ̀. Bàbá tó dàgbà jù láàrin wa ló kọ́kọ́ lu tirẹ̀ lójú gbogbo wa.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ bá SON, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, àti LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa wọ ọjà ọ̀dà láìsọ tẹ́lẹ̀. Kí ẹni tó ń tà máa fún wa ní rìsíìtì tí nọ́ńbà ara agolo wà nínú rẹ̀, kí a lè mọ ibi tí a ó dá ọjà padà sí. Kí ẹ sì gbé òṣùwọ̀n lítà kan sójú ọjà, nítorí agolo tí kò kún ti pọ̀ jù. A kò ní kí ẹ ti ọjà pa o. Olóòótọ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan ń tà wá láwìn nígbà tí kò sí owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí àbẹ̀wò náà di ọ̀nà tí àwọn kan yóò fi máa gba owó lọ́wọ́ wọn.

A mú agolo hádínà mẹ́ta wá pẹ̀lú ìwé yìí. Orúkọ kan náà ló wà lára wọn, iye kan náà la rà wọ́n. Ọ̀kan mọ́ gaara, ọ̀kan ṣú, ọ̀kan ti dì nídìí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí wọn, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣí i, kí ẹ má sì fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀, torí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àwa ni tiyín tòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.