Àkànní, ka èyí tán kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Àkànní ọkọ mi,

Àbúrò ẹ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé kọ́ńpìnì mọ́tò yẹn ti gbà ẹ́, kí ìwọ fúnra ẹ tó pè, inú mi dùn débi pé mi ò rí oorun sùn mọ́júmọ́. Kú oríire o. Orí á bá ẹ ṣe é. Torí òtútù, Detroit kọ́ ni màá bá ẹ mú, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ mọ́tò, ibẹ̀ gan-an ni olú ìlú ẹ̀. O ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ bátìrì tuntun wò kí wọ́n tó gbé e jáde ni wọ́n fi ẹ́ sí, ohun tó sì jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé nìyẹn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ gùn ju ohun tí èèyàn ń sọ sínú fóònù lọ, o sì mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀rọ̀ ìlera aráàlú ni mo jẹ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ibi tí èmi ti mọ ìtàn mọ́tò ni ẹ̀gbẹ́ àwọn tí wọ́n ń gbé wá sí ọsibítù.

Mi ò ní kí o kórìíra mọ́tò o. Kó tó dé, ẹṣin ló ń fa gbogbo nǹkan nílùú òyìnbó. New York nìkan, ní nǹkan bí ọdún 1900, ẹṣin tó wà níbẹ̀ ju 100,000 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń yàgbẹ́ bíi kìlógírámù 10 lójúmọ́, lójú títì, lẹ́nu ọ̀nà ilé, níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran. Lọ́dún 1880, òkú ẹṣin tí wọ́n kó kúrò ní títì ìlú yẹn tó 15,000. Tí òjò bá rọ̀ gbogbo ẹ̀ á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, tí oòrùn bá mú á gbẹ á di eruku, atẹ́gùn á gbé e wọlé, eṣinṣin á kúrò lórí ìgbẹ́ á bà lé wàrà ọmọ, nígbà ooru ìgbẹ́ gbuuru á wá máa pa àwọn ọmọ ọwọ́. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì náà, inú ìgbẹ́ ẹṣin wà lára ibi tó máa ń wà. Mo ti gbé ọmọ tuntun tí tẹ́tánọ́ọ̀sì mú lọ́wọ́ rí, ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ, ẹnu ẹ̀ ti dì pa, kò lè mu ọmú, ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ̀ padà, tí aṣọ bá kàn án pẹ́rẹ́ báyìí gbogbo ara ẹ̀ á tún le gbagidi. Ẹni tó bá ní ayé ẹṣin sàn ju ayé mọ́tò lọ, kó má sọ ọ́ níwájú mi.

Àwọn dókítà abúlé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ra mọ́tò ní Amẹ́ríkà, o mọ̀dí ẹ̀, obìnrin tó ń rọbí lóru kò lè dúró de ẹṣin tó rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa náà, nǹkan bí 1906 ni ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ti ń gba mọ́tò, orí èèyàn ni wọ́n fi ń ru ẹrù kó tó dìgbà yẹn. Nígbà tí Ford wá gbé Model T jáde ní October 1908, ní Piquette Avenue ní Detroit níbẹ̀ (tí o bá ti ráyè, lọ wo ilé náà, ó ṣì wà), 850 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ní 1913, ní ilé iṣẹ́ wọn ní Highland Park, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa férémù ọkọ̀ kọjá lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi wákàtí tó ju 12 lọ tò tẹ́lẹ̀ wá ń parí ní nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, iye ẹ̀ sì ń já wálẹ̀ títí kò fi tó 300 dọ́là mọ́ ní àárín àwọn ọdún 1920. Ìyẹn ló jẹ́ kí àgbẹ̀ lè ra mọ́tò. Àwọn àgbẹ̀ yẹn gbọ́n o, wọ́n á fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan sókè, wọ́n á gbé bẹ́líìtì kọ́ ọ, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á máa fi la igi, àwọn mìíràn ń fi yí ẹ̀rọ ìfọṣọ fún ìyàwó wọn. Ó wù mí jọjọ.

Àmọ́ láti tan ẹ́ńjìnnì ọ̀hún gan-an, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wáìndì ẹ̀. Èèyàn á dúró níwájú ọkọ̀, á ki irin bọ̀ ọ́, á máa yí i, ìgbà míì ẹ́ńjìnnì á ta padà lójijì, irin náà á sì gbá egungun ọrùn ọwọ́, lápá ibi àtàńpàkò, á dá a. Títí dòní chauffeur's fracture ni àwọn dókítà eegun ń pe irú ìdá yẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń wáìndì mọ́tò mọ́. Ẹni tó bá wọn yanjú ẹ̀ ni Charles Kettering, òun ló ṣe sítátà oníná tí wọ́n fi sínú Cadillac ti 1912, obìnrin àti àgbàlagbà wá lè fúnra wọn tan mọ́tò. Ọlọ́pọlọ èèyàn, ó sì ran aráyé lọ́wọ́. Má gbàgbé orúkọ ẹ̀, a máa padà bá a.

Nísinsìnyí wo títì. Kí mọ́tò tó dé, títì jẹ́ ti gbogbo èèyàn, ibẹ̀ lọmọdé ti ń ṣeré, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí gbàmọ́ràn. Ní August 1896 mọ́tò pa Bridget Driscoll ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ tí kò sáré ju ẹni tó ń rìn lọ fíìfíì, ẹni tó wádìí ikú ẹ̀ sì sọ pé òun retí pé irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ní September 1899 ó kan Henry Bliss ní New York, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro ni takisí kan kọ lù ú. Takisí yẹn, bátìrì ló ń lò, bíi èyí tẹ́ ẹ ń ṣe yìí gan-an, Àkànní. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1920, èèyàn tí mọ́tò ti pa ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 10 yẹn nìkan ju 200,000 lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ní Baltimore ní 1922 wọ́n gbé òpó ìrántí ró fún àwọn ọmọ tí mọ́tò pa. Aráàlú ò gbà o, wọ́n bínú gan-an. Ní Cincinnati ní 1923, àwọn tó lé ní 40,000 fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ sínú gbogbo mọ́tò ìlú náà kó má lè sáré ju máìlì 25 ní wákàtí kan, àwọn tó ń ta mọ́tò náwó nára láti bá a jà, nígbà tí wọ́n dìbò, òfin yẹn ò wọlé. Ohun tó rọ́pò ẹ̀ ni pé wọ́n yí ẹ̀bi sórí ẹlẹ́sẹ̀. Ní 1925 Los Angeles ṣòfin ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti lè sọdá, àwọn ìlú míì sì tẹ̀ lé wọn, ọmọ tó ń ṣeré lójú títì wá di ẹni tó ṣẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣe dáadáa níbẹ̀. Detroit náà ni ọlọ́pàá kan, William Potts, ti gbé iná aláwọ̀ mẹ́ta sí oríta ní 1920. Garrett Morgan, ọmọ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ẹni tí àwọn òbí ẹ̀ ti ṣe ẹrú rí, gba pátẹ́ǹtì, ìwé pé òun ló ni ohun tó ṣe, ní 1923 lórí òpó àmì ojú ọ̀nà tiẹ̀ tó máa ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró kí ẹlẹ́sẹ̀ lè kọjá. Ẹlẹ́sẹ̀ ni Morgan rò mọ́ ọn. Irú èrò tí mo fẹ́ kó wà lórí ẹ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ gangan tó ń jẹ mí lọ́kàn wá kù, òun ni òjé. Ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn máa ń kan kó-kó-kó tó bá ń gun òkè, torí epo ń jó kí àsìkò ẹ̀ tó tó. Lábẹ́ Kettering yìí náà, ní ilé ìwádìí General Motors ní Dayton, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Thomas Midgley rí i ní December 1921 pé tí wọ́n bá po òjé díẹ̀ mọ́ epo, ariwo á dákẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ethanol, ọtí tí wọ́n ń fi ọkà ṣe, náà lè ṣe é, àmọ́ ethanol ò ṣeé gba pátẹ́ǹtì lé lórí, àgbẹ̀ lè ṣe é, òjé ni èrè wà nínú ẹ̀. Ní February 1923 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé májèlé ni o. Midgley fúnra ẹ̀ ti ṣàìsàn òjé lọ́dún yẹn, ó ní láti lọ sinmi ní Florida kára ẹ̀ tó balẹ̀.

Ní October 1924, ní Bayway ní New Jersey níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan náà, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń jà, wọ́n ní láti de àwọn kan mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé wọn. 5 nínú wọn kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọsibítù ni àwọn tó lé ní 30 bára wọn. Ìparí oṣù yẹn kan náà ni Midgley pe àwọn oníròyìn jọ, ó da òjé olómi yẹn sọ́wọ́ níwájú wọn, ó gbé e símú ó ń fa òórùn ẹ̀, ó ní kò sí nǹkankan. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn ẹ̀ rí o! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀ yẹn, mo pa ìwé dé, mi ò lè kà á lọ.

Ní May 1925 ìjọba pe ìpàdé sí Washington. Alice Hamilton wà níbẹ̀, dókítà ni, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard. Mo fẹ́ kí o mọ bí obìnrin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í gbọ́ ti ọ̀gá nìkan kó máa lọ, á wọ inú ilé iṣẹ́ lọ wo ibi tí eruku ti ń dìde, á kúrò níbẹ̀ á lọ bá òṣìṣẹ́ nílé ẹ̀, á bi ìyàwó ẹ̀ bóyá ó ń jẹun, bóyá inú ń run ún, bóyá ọwọ́ ẹ̀ ń rọ. Òun àti Yandell Henderson ti Yunifásítì Yale kìlọ̀ níbẹ̀ pé èéfín òjé á ba ti gbogbo ìlú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, pé kò ní hàn lọ́jọ́ kan. Àwọn kọ́ńpìnì ní kí ẹni tó sọ pé ó léwu lọ mú ẹ̀rí wá. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé dìde fi oṣù díẹ̀ yẹ àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì wò, ní January 1926 wọ́n ní àwọn ò rí ìdí tó tó láti fòfin dè é, àmọ́ kí ìjọba máa ṣèwádìí lọ. Ìjọba ò ṣe é. Àwọn tó ń ta òjé ló wá ń sanwó ìwádìí fún bíi 40 ọdún, dókítà wọn, Robert Kehoe, ló ń sọ fún ayé pé kò séwu. Ìgbà tí Herbert Needleman tó eyín àwọn ọmọ iléèwé tó ti yọ jọ, tó wọn òjé inú ẹ̀, tó sì gbé e jáde ní 1979 pé àwọn tí òjé pọ̀ léyín wọn ni ọpọlọ wọn ń fà sẹ́yìn, ìgbà yẹn lẹnu wá ń wọhò. Amẹ́ríkà fòfin dè é pátápátá fún mọ́tò ní 1996.

Àwa ńkọ́? Ní 2001 ni àwọn ìjọba Áfíríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò ní Dakar pé àwọn máa jáwọ́ nínú ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ 2006 ló tó kúrò nílẹ̀ Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà, Algeria ló kẹ́yìn gbogbo ayé, July 2021. Ọmọdé ni ẹ́ nígbà tí mo máa ń pọ̀n ẹ́ kọjá ní Mókọ́lá nínú èéfín dánfó, nọ́ọ̀sì ni mí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n gba ọ̀nà míì. Ó sì ń dùn mí.

Nítorí náà, Àkànní, ohun tí mò ń bẹ ẹ́ rèé. Tí wọ́n bá gbé ìwé àyẹ̀wò sí ẹ níwájú pé kò séwu, béèrè ẹni tó sanwó ẹ̀, béèrè ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, àìsàn tó ń gba ọdún 10 kó tó yọjú ò lè hàn ní oṣù méje. Máa lọ síbi tí wọ́n ti ń po nǹkan inú bátìrì yẹn, kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ̀ ẹ́ lójú, àwọn ni ara wọn máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mọ ibi tí kóbọ́ọ̀tì, irin tó ń wà nínú bátìrì, ti wá, tó bá jẹ́ Congo, béèrè bóyá ọmọdé ló ń wà á. Kí o sì béèrè ibi tí bátìrì náà ń lọ tó bá kú, torí ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ nǹkan tó ti gbó wá, a sì ti mọ ohun tí òjé ń ṣe fún ọmọ, ní Zamfara ní 2010 òjé tó wà nínú òkúta góòlù pa ọmọ tó lé ní 400, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wa góòlù, eruku ló kàn bá wọn nílé. Ohun tí o kò bá rí, má fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú, ilé wà.

Máa kọ àwọn ohun tí o bá rí sílẹ̀ sínú ìwé tìẹ, pẹ̀lú déètì. Tí o bá ń wa mọ́tò, gbé fóònù sínú báàgì, kí o sì rọra láwọn àdúgbò tí ọmọdé bá wà. Má fi owó oṣù àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi o, ra kóòtù tó nípọn àti bàtà yìnyín. Dádì ẹ ń kí ẹ, wọ́n ní kí o wá bá àwọn wo iye tí wọ́n ń ta bátìrì tuntun yẹn ní Amẹ́ríkà, mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí o fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ná. Tí o bá ti ka èyí tán pè mí lálẹ́ Sátidé, èmi á ti dé láti ìpàdé ẹgbẹ́, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí o rò nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yẹn.

Èmi ni màmá ẹ.