Lẹ́tà sí Mosún: Owó tí wọ́n ní mò ń gbà lórí ọkọ mi

Woolwich, London
12 Oṣù Kẹwàá, 2025

Mosún mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wọn tó wú yẹn ti ń fà? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ibì kan ni mo ń padà sí, ibi tí o ti rẹ́rìn-ín tí o ní, "Ìwọ ṣáà ń jayé, ìjọba yín ń sanwó fún ẹ kó o máa tọ́jú ọkọ ara ẹ." Mo mọ̀ pé eré lò ń bá mi ṣe. Ṣùgbọ́n ó dùn mí dọ́kàn, torí kì í ṣe ẹnu ẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àbúrò Bàbá Kúnlé ti sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹbí lórí fóònù, òun ò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó tó ń gbowó lórí ọkọ!" Bí ẹni pé mo gbé ọkọ mi lọ sọ́jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà, torí tó bá jẹ́ fóònù ni, ẹkún ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Kí n tó kan owó, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀wù fún ẹ. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Bàbá Kúnlé ní 2022, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́. Apá tó rọ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń kì bọ ọwọ́ ẹ̀wù, màá rọra fà á gba ìgbọ̀nwọ́ dé èjìká, kí apá tó le tó wọ tiẹ̀. Tá a bá fẹ́ bọ́ ọ, apá tó le ló ń kọ́kọ́ jáde. Tí mo bá ṣì í ṣe, á ké, torí èjìká yẹn ò gba àfipáfà. Lẹ́yìn ẹ̀wù, ṣòkòtò. Lẹ́yìn ṣòkòtò, oògùn. Lẹ́yìn oògùn, ògì tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ki dáadáa kó má baà pá a lórí. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa di aago méje ààbọ̀, mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì, mò ń lọ síbi iṣẹ́ kẹ́à. Bàbá òyìnbó kan ni mò ń tọ́jú nílé wọn, rọpárọsẹ̀ ló mú òun náà, apá òsì ni tiẹ̀. Apá tó rọ kọ́kọ́, apá tó le lẹ́yìn. Ọwọ́ mi kan náà yìí ló ń ṣe méjèèjì, Mosún. Lọ́hùn-ún, pọ́n-ùn 12.21 ni wákàtí kan, wọ́n sì ń pè mí ní òṣìṣẹ́. Tí mo bá délé tí mo ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an, wọ́n á ní mò ń jẹ owó ọ̀fẹ́.

Owó náà, Carer's Allowance ni wọ́n ń pè é. Pọ́n-ùn 83.30 ni lọ́sẹ̀ lọ́dún yìí. O gbọ́dọ̀ máa fi ó kéré tán wákàtí 35 tọ́jú ẹni náà lọ́sẹ̀ kí wọ́n tó fún ẹ. Pín in wò: kò tó pọ́n-ùn méjì ààbọ̀ ní wákàtí kan. Ohun tí mo bá sì gbà níbi iṣẹ́, lẹ́yìn owó orí, kò gbọdọ̀ ju 196 lọ lọ́sẹ̀. Tó bá fi pọ́n-ùn kan péré lé, kì í ṣe pọ́n-ùn kan yẹn ni wọ́n máa yọ, gbogbo 83.30 ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ. Wákàtí 16 ni mò ń ṣe, mi ò sì jẹ́ fi kún un. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé mo ya ọ̀lẹ. Ní 2024, ìwé ìròyìn Guardian tú u síta pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ń tọ́jú èèyàn wọn ti wọ gbèsè lọ́wọ́ ìjọba nítorí ààlà yìí, tí àwọn míì ń san ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn mélòó kan padà, bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n ń gbà níbi iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ ìjọba láti ọjọ́ yìí wá, tí wọn ò kìlọ̀ fún wọn. Ẹ̀rù yẹn ò kúrò lára mi. Gbogbo ìwé owó oṣù mi ni mò ń tọ́jú sínú agolo bisikíìtì.

Má sì rò pé gbogbo ọmọ wa tó wà níbí ló ń gbà á o. Àwọn tó fi físà iṣẹ́ kẹ́à wọlé ní ọdún bíi mélòó kan sí ìsinsìnyí, òfin ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba rárá, bí ọmọ wọn tiẹ̀ jẹ́ àkàndá.

Orí owó tí Bàbá Kúnlé fúnra ẹ̀ ń gbà ni tèmi dúró lé. PIP ni wọ́n ń pè é, 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kì í ṣe owó àwọn tí ò níṣẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè gbà á, torí ìnáwó tí àìlera ń kó báni ló wà fún. Orí fóònù ni wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Obìnrin náà kí i, ó ní báwo ni ara lónìí. Bàbá Kúnlé dá a lóhùn bí ọmọ tí wọ́n bí ire: "A dúpẹ́, ara le." Ó bi í bóyá ó lè se oúnjẹ. Ó ní, "Pẹ̀lú agbára Ọlọ́run, màá ṣe é." Èmi ń ṣẹ́jú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò wojú mi. Nígbà tí ìwé dé, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ó ní ara òun le, ó sì lè se oúnjẹ. Wọn ò fún un ní nǹkan kan. Mosún, ta ni wọ́n kọ́ nínú wa pé ká máa ka àìsàn wa fún àlejò? A kì í fẹnu ara wa pe ibi. Ẹnu tí a fi dúpẹ́ yẹn ni wọ́n fi dá wa lẹ́jọ́.

A ní kí wọ́n tún un wò, wọ́n ní bó ṣe wà náà nìyẹn. A wá gbé e lọ sí tìríbúnà, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó ìrànwọ́, ó tó oṣù mọ́kànlá kí wọ́n tó pè wá. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ dókítà. Dókítà yẹn ò bi í bóyá ó lè ṣe ohunkóhun. Ó wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, "Ta ló de bọ́tìnì yìí láàárọ̀ yìí?" Bàbá Kúnlé wò mí. Kò lè sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì kiri ìlú yìí tẹ́lẹ̀, ó bojú. Máàkì ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tí èèyàn ò lè dá ṣe; wọ́n fún un ní 10, wọ́n fi 2 síbí, 2 sọ́hùn-ún, a sì jàre. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó ń gbé ẹjọ́ PIP dé tìríbúnà tó ń jàre. Àwọn tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n sì lọ jókòó sílé, ta ló máa gba tiwọn rò?

Nínú Oṣù Kẹta ọdún yìí, ìjọba ní àwọn fẹ́ dín owó náà kù. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní máàkì 4 lórí ohun kan ṣoṣo, bí gbogbo ẹ̀ tiẹ̀ pé 10, kò ní rí i gbà mọ́. Wo bí wọ́n ṣe ń kà á: bí wọ́n bá ń bá ọ wẹ láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, 2 ni, láti èjìká dé ìbàdí, 4 ni. Tiwa, 2, 2, 2. Oorun dá lójú mi. Àwọn àkàndá gan-an ló dìde, wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn lọ sí iwájú ilé ìgbìmọ̀, àwọn aṣòfin inú ẹgbẹ́ ìjọba náà sì yarí. Ní 1 Oṣù Keje, wọ́n kéde pé àwọn máa yọ ọ́ kúrò nínú àbá òfin náà.

Lásìkò yẹn gan-an ni arábìnrin wa kan sọ nínú ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n gé e, pé àwọn ọ̀lẹ ti pọ̀ jù. Ọmọ arábìnrin yìí ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, ó sì ti ṣe ọdún mẹ́ta tó ti ń sá fún fọ́ọ̀mù, torí kò fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ òun ní abirùn. Mi ò bá a jà. Mo lọ bá a nílé lọ́jọ́ Ọjọ́rú. A jọ ń kọ fọ́ọ̀mù náà, ojú ewé kẹsàn-án la dé báyìí.

Ẹni tó bá wa kọ ìwé ẹjọ́ sọ ìtàn kan fún mi. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ owó àwọn tó ń tọ́jú èèyàn wọn níbí ní 1976, obìnrin tó bá wà lọ́dọ̀ ọkọ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, wọ́n ní ilé ló máa wà tẹ́lẹ̀. Jacqueline Drake fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ìyá rẹ̀, wọn ò fún un. Ó gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù, 1986 ló tó jàre. Nígbà tí àbúrò ọkọ mi ní iṣẹ́ ìyàwó ni, ọ̀rọ̀ tí ìjọba òyìnbó sọ fún ọdún mẹ́wàá ló ń tún sọ.

Ṣé o rántí owó arúgbó tí Fáyẹmí fún àwọn àgbà ní Èkìtì ní 2011, 5,000 náírà lóṣù? Ọjọ́ tí Màmá gba tiwọn, wọ́n ra ẹja, gbogbo àdúgbò bá wọn dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi wo èmi náà nìyẹn.

Ìwọ gan-an wá ńkọ́? O ti ti ṣọ́ọ̀bù pa láti ọdún tó kọjá nítorí Màmá, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ ní Èkó sì ń sọ pé "Mosún ṣáà wà ńlé." Ra ìwé ìkọ̀wé kan. Kọ ohun gbogbo tí o bá ṣe fún Màmá láàárín ọjọ́ méje sínú ẹ̀, pẹ̀lú aago ẹ̀, títí kan òru. Bí mo ṣe ṣe nígbà ẹjọ́ wa nìyẹn. Èmi fúnra mi ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wálé Kérésì, kà á sí wọn létí. Mo fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹ. Wá ọmọ kan tó máa jókòó ti Màmá lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ kí o lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Má sọ fún un pé kó wá ràn ẹ́ lọ́wọ́. Sọ fún un pé iṣẹ́ ni, kí o sì san án lópin ọ̀sẹ̀.

Bá mi kí Màmá. Ọwọ́ òsì ni Bàbá Kúnlé fi kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀ yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni.

Èmi ni tìẹ,
Ṣadé